Ojú USB nínú bọ́ọ̀sì tí a ń sùn sí: ibo ni kí n ti fa iná?

Aláàdìrẹ Ìtòkú

Ẹ kú ilé o, ẹ̀yin ọmọ Lísàbí àti ẹ̀yin tí ọ̀nà bá wa gbé dé ibí. Mo nílò ìmọ̀ràn kí n tó fi owó mi jóná.

Mo ní bọ́ọ̀sì tòkunbọ̀ kan, Mercedes Sprinter tó gùn, tí a ti yọ gbogbo àga ẹ̀yìn rẹ̀. Èmi àti àbúrò mi ọkùnrin tó ń wà á la fi ń kó àdìrẹ kiri. A lè gbéra ní Kútọ̀, l'Abẹ́òkúta níbí, lọ́jọ́ Ajé, kí a sùn ní Òṣogbo, kí a sùn ní Àkúrẹ́, kí a tó padà sílé. Bẹ́ẹ̀dì wà nínú rẹ̀, ibi ìkọ́ṣọ wà, fáànù kékeré kan àti gílóòbù méjì. Bátìrì méjì ló ní: ti ẹ́ńjìnnì níwájú, àti èkejì, 100Ah (áńpù-wákàtí, ìwọ̀n iná tó lè gbà), lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì. Ẹni tó tà á fún wa sọ pé alternator, ẹ̀rọ tí ẹ́ńjìnnì ń yí láti pèsè iná, ló ń chájì èkejì yẹn bí ọkọ̀ bá ń rìn.

Ìṣòro mi ni pé ojú ìchájì kan ṣoṣo ló wà, ihò ìtansìgá iwájú. Fóònù mẹ́ta, POS kan, àtùpà oníchájì kan, páwà báǹkì kan. Bí ilẹ̀ bá ti ṣú, ìjà dé. Mo fẹ́ ojú USB mẹ́fà: méjì níbi orí bẹ́ẹ̀dì, méjì lẹ́yìn níbi tí a ti ń tajà, méjì lórí dáṣíbọ́ọ̀dù. Ríwáyà kan ní kí n ṣáà ra ọjà wá, òun á já wáyà lára ti gílóòbù, wákàtí kan òun á ti parí. Ó rọrùn jù létí mi. Kí lẹ rí sí i?

Bàbá Dáńfó

Ìyá aláṣọ, ẹ kú ọjà o. Etí yín ò tàn yín.

Nígbà tí mo ṣì ń na Lafẹ́nwá sí Ìta Òṣìn, ọmọkùnrin kan bá mi já wáyà lára ti rédíò, ó fi ojú USB mẹ́rin há ẹ̀yìn àga kí èrò lè máa chájì fóònù. Ọjọ́ kejì, fíúùsì jó. Ó pààrọ̀ rẹ̀. Ó tún jó. Nígbà kẹta, ó bó wáyà, ó fa fọ́nrán bàbà kan jáde, ó fi dí ojú fíúùsì. Ó ní, "Bàbá, kò ní jó mọ́." Lóòótọ́, fíúùsì ò jó mọ́. Àga ló jó.

Orí afárá ni òórùn rọ́bà ti ta sí mi nímú. Èrò ń bẹ́ jáde lójú fèrèsé, mo sáré ṣí bónẹ́ẹ̀tì, mo fa orí bátìrì yọ, a wá fi yanrìn pa ti fóòmù. Títí di òní, bí ẹnikẹ́ni bá ní òun fẹ́ já wáyà lára wáyà, ojú tí mo fi ń wò ó kì í dáa.

Ríwáyà Lafẹ́nwá

Kì í ṣe gbogbo wa ló ń ṣe bẹ́ẹ̀ o, Bàbá. Ẹni tó fi bàbà dí ojú fíúùsì, ẹ má pè é ní ríwáyà.

Ìyá, ẹ má gbà kó já a lára gílóòbù. Gílóòbù LED méjì ò jẹ iná tó nǹkan, nítorí náà wáyà tín-ín-rín ni wọ́n fi fà á. Ohun tí èmi máa ń ṣe ni pé mo máa fa wáyà tuntun tó ki, 4mm², láti orí pọ́sítífì bátìrì kejì. Kí wáyà náà tó rìn ju ìbú àtẹ́lẹwọ́ méjì kúrò lórí bátìrì, fíúùsì 15A (áńpù 15) ti gbọ́dọ̀ wà lójú rẹ̀. Ìdí ni pé apá tó wà láàárín bátìrì àti fíúùsì, kò sí ẹni tó ń ṣọ́ ọ. Bí irin bá gé e wọlé níbẹ̀, gbogbo agbára bátìrì ló máa dà sí i, bátìrì tó lè yí ẹ́ńjìnnì kì í ṣe ohun eré.

Wáyà yẹn á wọ inú àpótí fíúùsì kékeré, irú èyí tó ní ojú mẹ́rin tàbí mẹ́fà. Láti ibẹ̀ ni sọ́kẹ́ẹ̀tì kọ̀ọ̀kan, tó ní ojú USB méjì, á ti gba wáyà tirẹ̀, 1.5mm², pẹ̀lú fíúùsì 5A tirẹ̀. Bí ti ẹ̀yìn bá bàjẹ́ lọ́jọ́ kan, ti orí bẹ́ẹ̀dì ò ní bá a kú.

Áàtì ńkọ́? Ẹ fa òun náà padà sórí nẹ́gétífì bátìrì kejì. Lóòótọ́, ara ọkọ̀ fúnra rẹ̀ ni áàtì, bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe kọ́ ọ. Ṣùgbọ́n bọ́ọ̀sì tòkunbọ̀ tí wọ́n ti yọ àga rẹ̀, tí wọ́n ti kùn ún lọ́dà lẹ́ẹ̀mejì, tí ìpẹtà ti wọ ìsàlẹ̀ rẹ̀, ibi tí ẹ rò pé irin ni, ọ̀dà ni. Fóònù á máa chájì, á máa dá dúró, ẹ̀ ẹ́ sì máa bú sọ́kẹ́ẹ̀tì tí kò ṣẹ̀ yín.

Bàbá Dáńfó

Ríwáyà, mo gbọ́. Ṣùgbọ́n 15A àti 5A yẹn ò kéré? Ẹ kúkú fi 30A síbẹ̀ kó má máa jó kiri.

Ríwáyà Lafẹ́nwá

Bàbá, ẹ tún ti padà sórí afárá nù un! Wáyà ni fíúùsì ń ṣọ́, kì í ṣe sọ́kẹ́ẹ̀tì. Òun ló gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ kú kí wáyà tó gbóná. Bí ẹ bá fi 30A sórí wáyà 1.5mm², rọ́bà wáyà lè ti máa yọ́ nígbà tí fíúùsì ò tíì mọ̀ pé nǹkan ṣe. Bí 5A bá ń jó, ẹ wá ohun tó ń jó o.

Kí ẹ lè dá wọn mọ̀ lọ́jà: pupa ni 10A, búlúù ni 15A, yẹ́lò ni 20A, àwọ̀ ewé ni 30A. Èyí tó ní àwọ̀ yanrìn ni 5A.

Ọmọ Alábàtà

Ẹ̀yin àgbà, ẹ kú àárọ̀. Mo ń kọ́ ẹ̀kọ́ ẹnjiníà ní FUNAAB, yunifásítì iṣẹ́ àgbẹ̀ Abẹ́òkúta, ẹ jẹ́ kí n ṣírò rẹ̀ síbí.

Ojú USB kan tó bá ń gbé 2.4A jáde ní 5V (fóltì 5), 12W nìyẹn: áńpù lọ́nà fóltì ló ń di wáàtì, W. Sọ́kẹ́ẹ̀tì olójú méjì jẹ́ 24W. Ẹ̀rọ inú rẹ̀ tó ń sọ 12V di 5V máa ń fi díẹ̀ ṣòfò bí ooru. Bí a bá ní 85 nínú 100 ló ń dé ọ̀dọ̀ fóònù, á jẹ́ pé 28W ló ń fà lára bátìrì, ìyẹn bí 2.35A. Ìlọ́po mẹ́ta rẹ̀ jẹ́ bí 7A, nígbà tí gbogbo ojú mẹ́fẹ̀ẹ̀fà bá ń ṣiṣẹ́ tagbára-tagbára. Fíúùsì 5A lórí ọ̀kọ̀ọ̀kan àti 15A lórí wáyà ńlá ti tó, ó tún ṣẹ́kù.

Ọ̀rọ̀ wáyà tín-ín-rín wá nìyí. Ẹ jẹ́ ká ní dáṣíbọ́ọ̀dù jìnnà sí bátìrì ní mítà 5, àlọ àti àbọ̀ jẹ́ mítà 10. Wáyà 0.5mm², irú èyí tí wọ́n fi ń so sípíkà, bí 7A bá gbà á kọjá, fóltì bí 2.4 máa sọnù sójú ọ̀nà. Bátìrì ní 12.2V, 9.8V ló dé ọ̀hún. Àwọn 2.4 yẹn ò sì lọ lófo, wáyà fúnra rẹ̀ ló ń jẹ wọ́n, 17W ooru lábẹ́ kápẹ́ẹ̀tì yín. Àmọ́ bí 4mm² bá gbé 7A rìn mítà 2 dé àpótí fíúùsì, 0.12V péré ló ń sọnù. Tí 1.5mm² bá wá gbé 2.35A ti dáṣíbọ́ọ̀dù nìkan rìn mítà 5, kò ju 0.27V lọ.

Ẹ fojú wọn ooru ọ̀sán Abẹ́òkúta kún un, bọ́ọ̀sì tó dúró sínú oòrùn láti àárọ̀.

Aláàdìrẹ Ìtòkú

Ọmọ mi, Olúwa á jẹ́ kí o fi èyí jẹun. Ó yé mi.

Ìbéèrè méjì. Àkọ́kọ́, ọ̀rẹ́ mi kan ní Sàpọ́n ní kí n gbàgbé USB, kí n ra ínfátà kékeré kí n máa ki ṣájà ilé mọ́ ọn. Èkejì, báwo ni mo ṣe máa mọ̀ pé lóòótọ́ ni alternator ń chájì bátìrì kejì? Ẹnu ẹni tó tà á nìkan ni mo ti gbọ́ ọ.

Sólà Ọ̀bàntokò

Ti ínfátà kọ́kọ́. Èmi ń tà á, nítorí náà ẹ gbà mí gbọ́ bí mo bá ní kí ẹ má rà á fún fóònù. Ínfátà á sọ 12V di 230V, ṣájà yín á tún sọ 230V di 5V. Ẹ̀ẹ̀mejì lẹ fi iná ṣòfò. Ínfátà kì í sì í sinmi: èyí tó bá ń jẹ 10W lásán láìki nǹkan kan mọ́ ọn, tí ẹ bá gbàgbé rẹ̀ ní títàn fún wákàtí 24, 240Wh (wáàtì-wákàtí) ló jẹ, ìyẹn 20Ah lára bátìrì 12V. Fóònù mẹ́wàá nìyẹn.

Mo ní fóònù mẹ́wàá, ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé. Fóònù tó ní bátìrì 5000mAh gba nǹkan bí 19Wh. Pẹ̀lú ohun tó ń ṣòfò lọ́nà, ẹ ka 25Wh, bí 2Ah lára bátìrì yín. Bátìrì 100Ah tó bá jẹ́ ti òjé àti ásíìdì, ẹ má lò ju ìdajì rẹ̀ lọ kí ẹ̀mí rẹ̀ lè gùn. 50Ah nìyẹn, ó tó chájì fóònù bí 25. Fóònù kọ́ ló ń pa bátìrì nínú ọkọ̀ àsùnsí. Fáànù ni! Fáànù 15W tó ṣiṣẹ́ fún wákàtí 8 lóru ti jẹ 10Ah. Ẹ máa wo fóltì rẹ̀ láàárọ̀ kí ẹ tó tan ẹ́ńjìnnì: 12.7 ti kún, 12.2 ti dé ìdajì, bó bá sún mọ́ 12.0 ẹ ti ń jẹ ẹ̀mí rẹ̀.

Ìbéèrè kejì: ẹ fi mítà wọn orí bátìrì kejì nígbà tí ẹ́ńjìnnì kú. Ká ní ó jẹ́ 12.5. Ẹ tan ẹ́ńjìnnì, ẹ dúró ìṣẹ́jú díẹ̀, ẹ tún un wọ̀n. Bó bá gun sí 13.8 tàbí 14.4, ó ń chájì. Bó bá dúró sójú kan, relay, súìṣì oníná tó yẹ kó so bátìrì méjèèjì pọ̀, ti kú, tàbí kò tilẹ̀ sí níbẹ̀ rí.

Ẹ tún pa ẹ́ńjìnnì, kí ẹ tan fáànù àti gílóòbù fún wákàtí kan, kí ẹ wọn bátìrì ẹ́ńjìnnì. Tó bá ń wálẹ̀ pẹ̀lú èkejì, ẹnì kan ti so méjèèjì pọ̀ tààrà láìsí relay. Ẹ máa chájì fóònù títí di òwúrọ̀, ọkọ̀ ò sì ní dá sítáàtì.

Bàbá Dáńfó

Ìyẹn ti ṣẹlẹ̀ sí àbúrò ìyàwó mi ní Ṣàgámù. Agbèrò mẹ́fà ló tì í.

Ẹ̀gbá ní Jámánì

Ẹ kú ìdúró sílé o. Mo ní ọkọ̀ àsùnsí kékeré kan níbí, àwọn ọmọ mi la fi ń gbé káàkiri nígbà ìsinmi ẹ̀ẹ̀rùn. (Láfún nìkan la ò rí gbé dání, èyí tí mo rí rà níbí ò fẹ́ fà.) Iṣẹ́ tí ẹ fẹ́ ṣe yìí, mo fọwọ́ ara mi ṣe é, ohun tó dùn mí lẹ́yìn rẹ̀ ni mo fẹ́ sọ.

Ẹ má gba ohun tí wọ́n kọ sára sọ́kẹ́ẹ̀tì gbọ́. "4.8A" tó wà lára olójú méjì, àpapọ̀ ni lọ́pọ̀ ìgbà, kì í ṣe ti ojú kọ̀ọ̀kan. Ti ayédèrú ò tilẹ̀ dé ibẹ̀. Ẹ̀rọ kékeré kan wà tí ẹ̀ ẹ́ ki bọ ojú USB, tí ẹ̀ ẹ́ ki fóònù bọ òun, á fi fóltì àti áńpù hàn yín. Ẹ fi dán ọ̀kan wò kí ẹ tó ra mẹ́ta.

Iná búlúù ara wọn ńkọ́! Mo fi èyí tó ń fi nọ́ńbà fóltì hàn síbi orí bẹ́ẹ̀dì. Òru àkọ́kọ́, ó dà bí ẹni pé ọlọ́pàá dúró lójú fèrèsé. Mo fi tépù dúdú lé e. Iná yẹn àti ẹ̀rọ inú sọ́kẹ́ẹ̀tì sì ń jẹun lára bátìrì nígbà tí ẹ ò ki nǹkan kan mọ́ ọn. Bí ọ̀kọ̀ọ̀kan bá ń jẹ 15mA, mẹ́ta máa ń jẹ bí 1Ah lójúmọ́. Ẹ gbé bọ́ọ̀sì kalẹ̀ fún oṣù kan, ìdámẹ́ta bátìrì yín ti lọ. Ẹ fi súìṣì kan sójú wáyà ńlá, lẹ́yìn fíúùsì, kí ẹ lè pa gbogbo wọn lẹ́ẹ̀kan náà.

Bí ẹnikẹ́ni nínú yín bá ń lo láptọ́ọ̀pù tó ń gba ojú C, ọ̀ràn ọ̀tọ̀ nìyẹn. Sọ́kẹ́ẹ̀tì PD (ojú C alágbára) 65W á fa ju 6A lọ lára bátìrì fúnra rẹ̀. Ẹ fún un ní wáyà 2.5mm² tirẹ̀ àti fíúùsì 10A, ẹ má kó o pọ̀ mọ́ ti fóònù.

Aláàdìrẹ Ìtòkú

A ò ní láptọ́ọ̀pù o. Ìwé ìṣirò ni mo ṣì ń kọ ọjà sí.

Ríwáyà Lafẹ́nwá

Kí ẹni tó máa bá yín ṣe é tó bẹ̀rẹ̀, nẹ́gétífì ni kó kọ́kọ́ tú lórí bátìrì méjèèjì, òun náà ni kó dè gbẹ̀yìn. Bí sípánà bá ṣèèṣì fara kan ara ọkọ̀ nígbà tó ń tú pọ́sítífì, tí nẹ́gétífì ṣì wà níbẹ̀, sípánà yẹn á pupa.

Ihò sọ́kẹ́ẹ̀tì rìbìtì kì í ju nǹkan bí mílímítà 29 lọ. Àwọn káfíńtà ní ẹnu dírììlì rìbìtì tó ń gbẹ́ ẹ. Kí ó kọ́kọ́ yọjú wo ẹ̀yìn páákó náà o, mo mọ ẹnì kan tó gbẹ́ ihò gba inú wáyà bíréèkì kọjá.

Ibikíbi tí wáyà bá ti gba ojú irin kọjá, ẹ fi rọ́bà olójú sí etí ihò náà, kí ẹ sì ki wáyà sínú páìpù rọ́bà oníjanjan. Ẹ mọ ọ̀nà wa. Láti Àdátán títí ẹ ó fi kúrò nílùú, ọkọ̀ ń gbọ̀n, etí irin ń rẹ́ rọ́bà wáyà bí ayùn. Oṣù mẹ́fà ló máa fi rẹ́ ẹ, ọjọ́ kan ṣoṣo ló máa fi jó.

Ẹ má jẹ́ kí ó kàn lọ́ wáyà mọ́ra, kó fi tépù wé e. Nínú ooru, gọ́ọ̀mù tépù á yọ́, á ṣí. Ilé tí a fi itọ́ mọ, ìrì ni yóò wó o. Kó fi ẹnu wáyà onírin dì í, kó fi páyà tó yẹ tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀, kó sì fà á wò.

Sólà Ọ̀bàntokò

Kí n fi kún un: ti ẹ̀yìn yẹn, níbi tí ẹ ti ń tajà, ẹ ra èyí tó ní ìdérí rọ́bà. Òjò ò ní bi yín kí ó tó fẹ́ wọlé. Ẹ má sì fi ti orí bẹ́ẹ̀dì sún mọ́ fóòmù tàbí kọ́tíìnì, ó ń gbóná díẹ̀ bó bá ń ṣiṣẹ́.

Ọmọ Alábàtà

Ẹ̀yin tó ní ọkọ̀ akẹ́rù tí ẹ ń ka èyí, tiyín sábà máa ń jẹ́ 24V. Ẹ wò ó lára sọ́kẹ́ẹ̀tì pé wọ́n kọ 12–24V kí ẹ tó so ó.

Aláàdìrẹ Ìtòkú

Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta, mo padà dé.

Mítà kọ́kọ́ já irọ́ ẹni tó tà á. Bátìrì kejì 12.4 nígbà tí ẹ́ńjìnnì kú, 12.4 náà nígbà tó ń ṣiṣẹ́. Relay ti kú tipẹ́! Gbogbo àkókò tí à ń rò pé ọ̀nà Òṣogbo ń chájì rẹ̀, ẹni tó ń bá wa chájì bátìrì ní Ìta Èkó ló ń bọ́ ọ. Ríwáyà mìíràn, èyí tí mo ka ọ̀rọ̀ yín sí létí, pààrọ̀ relay náà. Ní báyìí, 14.1.

Wáyà 4mm², fíúùsì búlúù lẹ́gbẹ̀ẹ́ bátìrì, súìṣì kan tí mo lè nawọ́ kàn láti orí bẹ́ẹ̀dì, àpótí fíúùsì olójú mẹ́fà. Kò parí ní wákàtí kan, odidi ọjọ́ kan ni, ó sì béèrè owó ju ti àkọ́kọ́ lọ. Mo san án. Mo wọ̀n ọ́n lórí dáṣíbọ́ọ̀dù nígbà tí fóònù méjì ń chájì: 12.4, lórí bátìrì 12.6.

Àwọn tó ń wá wo ọjà ti rí ojú USB ẹ̀yìn. Wọ́n á ki fóònù sí i, wọ́n á wá dúró máa yẹ àdìrẹ wò títí á fi chájì díẹ̀. Obìnrin kan ra aṣọ mẹ́ta bẹ́ẹ̀.

Ohun kan ló kù. Bí a bá ki fóònù mọ́ ti dáṣíbọ́ọ̀dù, rédíò á bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe *shííí* lórí 90.5. Àbúrò mi ò lè gbọ́ ìròyìn OGBC, rédíò ìpínlẹ̀ Ògùn, mọ́, ó ní èmi ni mo bà á jẹ́.

Ọmọ Alábàtà

Ẹ̀rọ tó ń sọ 12V di 5V ló ń fa ariwo yẹn. Ó ń tan, ó ń kú, ọ̀pọ̀ ẹgbẹ̀rún ìgbà láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan, tí wọn ò bá sì bò ó dáadáa, rédíò á gbọ́ ọ. Ẹ wò ó bóyá wáyà sọ́kẹ́ẹ̀tì gba ẹ̀gbẹ́ wáyà eriali rédíò kọjá, kí ẹ ya wọ́n sọ́tọ̀. Bí kò bá tán, ẹ ra òrùka ferrite, irú èyí tó ń pa ariwo iná, kó lọ́ wáyà sọ́kẹ́ẹ̀tì náà yí i ká lẹ́ẹ̀mẹta, lẹ́bàá sọ́kẹ́ẹ̀tì gan-an.

Aláàdìrẹ Ìtòkú

Ẹ̀gbẹ́ eriali ló gba kọjá lóòótọ́. A ti gbé e gba abẹ́ kápẹ́ẹ̀tì apá kejì. Ìròyìn ti padà, ìjà ti parí.

Ríwáyà Lafẹ́nwá

Ó ṣeun. Bí ẹ bá ti ìrìn àjò Àkúrẹ́ dé, ẹ ní kó tún fún gbogbo nọ́ọ̀tì orí bátìrì àti inú àpótí fíúùsì. Lẹ́yìn ìrìn àkọ́kọ́ ni wọ́n máa ń tú.